Abẹ́rẹ́ Tó Ń Rìn Sẹ́yìn

"Irun orí rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹni márùn-ún ló jókòó yí ààrò ká nígbà tí mo bi wọ́n. Mingma, ọkùnrin tó ń ṣọ́ omi abúlé náà, ń fi ìka po ìyẹ̀fun ọkà báálì mọ́ tíì nínú abọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ bu tíì sí kọ́ọ̀bù mi, bẹ́ẹ̀ kọ́ọ̀bù náà kò tíì dín rárá. Àwọn bàbá arúgbó méjì tó wà lẹ́bàá fèrèsé wo ara wọn, wọ́n wo òpó tó wà láàárín ilé, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Àmà Dólkà, ìyá àgbà tó ni ilé, ti igi gbígbẹ méjì bọ iná.

Mo kọ́kọ́ rò pé ògbufọ̀ etí mi ló ṣe àṣìṣe. Ní ẹnubodè ni wọ́n ti fi í sí mi létí, kò tóbi ju èso ẹ̀wà lọ. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Àmà Dólkà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé ni nǹkan náà ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí "ẹ̀yin" fún mi, bí ẹni pé èmi ni mo bí i lọ́mọ.

Mo tún un bèèrè. Mo ní irun ẹ̀gbọ́n mi, Morádéyọ̀, èyíkéyìí tó bá ṣẹ́kù, ìbáà ṣe ọ̀kan ṣoṣo.

Mingma dìde, ó lọ síbi òpó. Àpótí onígi kan ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, ó fẹ̀ tó ìwé méjì tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ó ní gíláàsì lójú, abẹ́rẹ́ pẹlẹbẹ kan sì wà lẹ́yìn gíláàsì náà tó ń tọ́ka sí nọ́ńbà láti oókan dé ẹẹ́wàá.

"Ó ti dé mẹ́rin," ló wí.

Èmi náà ti mọ ohun tí mẹ́rin túmọ̀ sí. Àpótí náà ló ń sọ bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀ dé méjì, òjò ńlá ti ń bọ̀ lẹ́yìn òkè nìyẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn omi kí adágún tó wà lókè abúlé lè dín kù kí òjò náà tó dé. Yìnyín ni adágún náà nígbà kan. Bí ó bá ya, Tárísàn, abúlé náà, kò ní sí mọ́.

Ìlẹ̀kùn omi náà kò sì ṣeé ṣí. Èdìdì pupa ọ́fíìsì Òkè, àwọn tó ń ṣàkóso òkè náà, wà lára rẹ̀, nítorí ikú ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé tó máa tú èdìdì náà wà lórí tábìlì níwájú mi, lábẹ́ ife iyọ̀, kí atẹ́gùn má baà gbé e. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: pé èmi, Bánjókò, àbúrò olóògbé lọ́mọ ìyá, ti wá gbogbo ibi tó yẹ kí n wá, àti pé kò sí ohun kankan láti ara rẹ̀ tó kù lórí òkè. Bí mo bá ti tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn, èdìdì yóò já fúnra rẹ̀.

Mo mu tíì. Iyọ̀ àti bọ́tà ló wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó dùn.

Ní Bésì, ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ òkè, ni wọ́n ti wọ̀n mí. Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ mi, wọ́n fún mi ní tiwọn, wọ́n wá ní kí n dúró lórí irin. Kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta àti díẹ̀. Wọ́n wọn bàtà mi, wọ́n wọn búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi. Ohun tí a bá gbé gòkè la gbọ́dọ̀ gbé sọ̀. Wọ́n fi ẹ̀gbà kan sí mi lọ́rùn ọwọ́, iná rẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé. Wọ́n ní bó bá di pupa tí mo ṣì wà lókè, àwọn ni yóò wá gbé mi.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe ìwé mi ń jẹ́ Ghimírè. Aṣọ funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀, ó fá orí rẹ̀ kodoro àfi ìdì irun kékeré kan lẹ́yìn. Ó ka òfin fún mi bí ẹni tó ń ka orúkọ ọmọ ilé ìwé. Kí wọ́n tó bí mi ni òkè Sèrìlùng ti gbé ènìyàn lọ sílé ẹjọ́, tó sì jàre. Láti ọjọ́ náà, ènìyàn ni òkè lójú òfin. A kì í sìnkú sínú ara ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ tuntun kò gbọdọ̀ gòkè lọ dúró síbẹ̀ mọ́. Èyí tó ti wà níbẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú. Ẹni tó bá kú lókè, ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ òfúrufú wọn yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò sun ún ní Bésì, wọn yóò sì fi èdìdì dí ibi tó kú sí títí ìbátan rẹ̀ kan yóò fi wá gun òkè láti fọwọ́ sí i pé kò ku nǹkan kan.

Ó gbé agolo kan síwájú mi, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, yóò dúró dè mí títí n ó fi padà.

Mo bi í nípa irun. Ó fi ọwọ́ pa orí ara rẹ̀. Ó ní bàbá òun kú lóṣù tó kọjá, ìdí tóun fi fárí nìyẹn, ọdún kan gbáko lòun yóò sì fi wọ funfun. "Níbí, àwa tó wà láyé là ń fá irun fún òkú," ló wí.

Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, òkú ló ń fi irun sílẹ̀. Bí ènìyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ la máa ń mú wá, òun náà la ó sin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ní bí mo bá rí irun kankan lókè, gbogbo rẹ̀ pátá ni kí n kó sọ̀, ìbáà wà lára aṣọ, ìbáà wà lára ẹ̀rọ. Bí mi ò bá rí i, kí n fọwọ́ síwèé. Ó ní kò sí ọ̀nà kẹta.

Mo pe màmá wa láti Bésì. Ó ti gbọ́ nípa agolo.

"Eérú? Ta ló ní kí wọ́n sun ọmọ mi? Má gbé eérú wá bá mi, Bánjókò. Irun rẹ̀ ni kó o mú wá. Mo mọ irun ọmọ mi."

Mo ní, "Ó dáa, mà."

Màmá kò ní dé ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Òbí kì í wo kòtò ọmọ rẹ̀ nílé wa. Yóò jókòó sínú yàrá, yóò ti ìlẹ̀kùn, àbúrò bàbá wa ni yóò sì gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Ìrágbìjí. Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó bí mi. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú yàrá náà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀ pé nǹkan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gun òkè. Mi ò sunkún. Mo ń ka ìṣísẹ̀ mi, mo sì ń wá nínú àwọn nọ́ńbà náà èyí tí kò ṣeé pín fún òmíràn. Ohun tí mo máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn bí ibì kan bá ti dákẹ́ jù. Ní ojú ọ̀nà, wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ àdúrà sí lára jọ bí ògiri gígùn, ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ògiri náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún òun. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbà ọwọ́ mi gún mi bí ìjàlọ, mo padà.

Ní Gúnlà, abúlé tó wà láàárín ọ̀nà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Yangsọ́m fún mi lóúnjẹ. Ó sanra, ẹnu rẹ̀ kì í dá. Ó fi àpótí onígi kan hàn mí lára ògiri rẹ̀, ó ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é. Méjì ló ṣe: ọ̀kan fún Gúnlà, ọ̀kan fún Tárísàn, nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ kú tí òfin kò jẹ́ kí tuntun gòkè. Ìkùukùu ń wọlé bọ̀ lásìkò náà, mo sì rí i tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gòkè díẹ̀, bí ìbú èékánná.

"Irọ́ ló ń pa," ni Yangsọ́m wí. "Ìgbà tí òjò bá ti wà lórí mi tán ló máa ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín sì fa irun tu lórí mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn. Ó ní òun yá a ni. Títí dòní, kò dá a padà."

Mo rẹ́rìn-ín nítorí pé ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Morádéyọ̀ fẹ́ràn láti máa fìtínà ènìyàn. Mo dúpẹ́, mo tẹ̀síwájú.

Ní Tárísàn, yàrá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ agbálẹ̀ ọ́fíìsì Òkè ti kọjá níbẹ̀ kí n tó dé, irú èyí tó máa ń gbóòórùn ara ènìyàn. Mo ṣí gbogbo ohun tó ṣeé ṣí. Mo yẹ fìlà rẹ̀ wò, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Mo yẹ ìrọ̀rí wò. Mo gbé ìyarun rẹ̀ sójú oòrùn, mo ń wo eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí fọ́nrán kan níbẹ̀.

Mi ò sì retí kó wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé ni màmá ti kọ́ wa pé a kì í fi irun sílẹ̀ lára ìyarun. Bí a bá yarun tán, a ó ṣà á, a ó ká a jọ, a ó jù ú síná, kí ẹni tí a kò mọ̀ má baà rí i lò. Ó ti nà wá rí nítorí rẹ̀. Morádéyọ̀ gbé ẹ̀kọ́ náà dé orí òkè yìí, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ omi, ó sì pa á mọ́ fún ọdún mẹ́fà láìyẹsẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, mo ń ro èyí. Ó yẹ kí ó dùn mí. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka kan ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Mingma mú mi lọ sí adágún. Níbi tí omi ti máa ń kọjá nínú abúlé, àgbá kan wà tí wọ́n kọ àdúrà sí lára, tí omi máa ń yí tọ̀sán tòru. Ó dúró gbagidi, omi kò wá mọ́. Ọkà báálì tó wà nínú oko ti ń pọ́n létí. Lókè, adágún náà dúdú, ó dákẹ́, ó ti bo òkúta kẹta tí wọ́n fi ń wọn gíga rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mingma nawọ́ sí ibi tí òkúta ti ya lu ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ó wá tú yìnyín kúrò lẹ́nu ìlẹ̀kùn omi ni.

Lójú ọ̀nà, ó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń mí bí màlúù arúgbó, pé ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọrin nígbà tó bá ń gun ibẹ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ kí n fẹ́ràn òun. Mo bi í ní ohun tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti àárọ̀. Mo ní ọwọ́ kan náà ló ṣe àpótí méjèèjì. Bí ọ̀rinrin bá dé, abẹ́rẹ́ Gúnlà ń gòkè, tiyín ń sọ̀. Tiwọn ń rìn ní ìbú èékánná, tiyín ń rìn láti ìkángun kan dé ìkejì. Kí ló dé?

"Bó ṣe rí láti ọjọ́ tó ti gbé e kọ́ nìyẹn."

"Àbí ó ṣì í ṣe ni?"

"Dídì?" Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo abúlé ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu rẹ̀. "Dídì kì í ṣì í ṣe."

Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà lọ. Ó kọjú sí adágún, kò wò mí.

"Ẹ bá wa fọwọ́ sí i, àbúrò."

Mo sọ fún un pé bí mo bá fọwọ́ sí i, mo ti búra pé kò sí nǹkan kan, màmá mi yóò sì jókòó sínú yàrá nítorí ilẹ̀ òfìfo. Mo ní ẹni tó bá mọ ibi tí irun wà, kó sọ fún mi, èmi yóò fọwọ́ sí i ní ìṣẹ́jú náà. Ó ní oòrùn ti ń wọ ẹ̀yìn òkè, kí a máa sọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, abẹ́rẹ́ wà ní mẹ́ta. Iná ẹ̀gbà mi ti di àwọ̀ ìyeyè; bí ó bá di ọ̀sán, mo gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà. Àwọn márùn-ún náà tún ti jókòó. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí. Mo gbé ife iyọ̀ kúrò lórí ìwé, mo tẹ́ ẹ síwájú mi. Mo ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Abúlé kan wà níhà kan, irun díẹ̀ wà níhà kejì. Ìṣirò tó rọrùn ni. Mo na àtàǹpàkò mi.

Àmà Dólkà gbé kẹ́tù kaná fún tíì tí n ó mu kí n tó lọ. Ó gbé e sí ìhà ààrò tó sún mọ́ òpó, nítorí pé ìkòkò ti wà ní ìhà kejì. Kẹ́tù náà hó. Èéfín omi rẹ̀ gòkè, ó kọjá lójú àpótí.

Abẹ́rẹ́ sọ̀ láti mẹ́ta dé méjì.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá arúgbó náà fò dìde, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ìyàwó Mingma ti dé ẹnu ọ̀nà. Mingma ló rí kẹ́tù. Ó gbé e kúrò, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo abẹ́rẹ́ bó ṣe rọra ń gòkè padà sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó. Bàbá náà bú kẹ́tù.

Èmi kò jókòó dáadáa mọ́. Àtàǹpàkò mi ṣì wà lókè ìwé. Omi kan nǹkan tó wà nínú àpótí yẹn, nǹkan náà sì súnkì. Ti Gúnlà, omi kàn án, ó gùn sí i. Irun tí wọ́n fà tu lórí Yangsọ́m nìyẹn, tó gùn, tó tẹ́ bí okùn. Kí ni nǹkan tó máa ń súnkì bí omi bá kàn án, tó ń súnkì gan-an, tó lè fa abẹ́rẹ́ láti ìkángun dé ìkángun?

Ọjọ́ Sátidé kan ní Ìrágbìjí ló wá sí mi lọ́kàn. Morádéyọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Màmá ti fi òwú kó irun rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta kó lè nà, ó tú u láàárọ̀ ọjọ́ náà, irun náà kan èjìká rẹ̀. Òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà ilé ìtajà. Nígbà tó fi máa wọlé, irun náà ti ká jọ dé òkè etí. Ó ń sunkún. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Mo dìde, mo lọ síbi òpó. Kò sí ẹni tó dá mi dúró. Gíláàsì náà kò ní àgádágodo, ìkọ́ kékeré kan lásán ni. Mo ṣí i.

Ìdì irun dúdú kan ló so mọ́ ìdí abẹ́rẹ́, tín-ín-rín, tó ká jọ ní kókó kókó láti òkè délẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo ojú àpótí yìí láàárọ̀ àti lálẹ́. Òwú dúdú ni wọ́n fi dì í lókè àti nísàlẹ̀, òwú ìkórun, wọ́n sì ta á ní kókó méjì tí orí rẹ̀ kọjú síra. Bí màmá ṣe máa ń ta á nìyẹn.

"Ó fi ọtí fọ̀ ọ́," ni Mingma wí lẹ́yìn mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí ó lè máa gbé ọ̀rinrin dáadáa. Ìdí tí ẹ̀rọ wọn kò fi gbóòórùn rẹ̀ nìyẹn. Ó ti dán irun gbogbo wa wò, àbúrò. Tiwa kò ṣe nǹkan kan. Bí a bá sì ti sọ fún yín, gbogbo rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ kó sọ̀."

Mo ń wo kókó òwú náà.

Àmà Dólkà wá dúró tì mí. Ó yọ ògbufọ̀ kúrò létí ara rẹ̀, ó fi í sínú àpò. Ó na ìka sí ìdì irun náà láìfọwọ́ kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́nrán rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbọ́dọ̀ ti kà á létí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń ṣe é: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ohùn rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n Yorùbá ni. Ògbufọ̀ etí mi kò rí nǹkan kan túmọ̀. Ó kà á dé ẹ̀sán.

Ó mú àlùmọ́gàjí kékeré kan jáde nínú aṣọ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

"Ẹ̀fà tó," ló wí, ó nawọ́ sí abẹ́rẹ́, ó sì gbé ìka mẹ́ta sókè sí mi.